Ojú Ilé Ìgbẹ̀bí Ìtura

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i, Ìyá Ìbejì, kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé lè kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀."

Ìbídùnní kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di ojú kan, ó lẹ ìkejì mọ́ kámẹ́rà. Mosúnmọ́lá gbé ọmọ rẹ̀ sókè. Ọmọ ń sùn ní tiẹ̀, ó sì fajú ro bí àgbà tí wọ́n pè síbi ẹjọ́. Kámẹ́rà dún.

"Ó dáa. Ẹ má mira."

Níta, pátákó ẹnu géètì ṣú, ó tàn, ó tún ṣú. Mátírọ́ọ̀nù Fẹhíntọlá tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù nínú aṣọ funfun tó lọ̀ tó le gbagidi, ó ń wo ìta, ó ń wo inú.

"Ìbídùnní, ó tún ti ṣú o."

"Mo rí i, Mà."

"Èyí pẹ́ ju ti àárọ̀ lọ kó tó tàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, bí ẹ bá ń sọ ọ́ báyìí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n."

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń já Mátírọ́ọ̀nù láyà, kó kàn wo òdìkejì títì. Ilé búrẹ́dì Bàbá Akínfẹ́nwá ló wà níbẹ̀ yẹn. Ààrò rẹ̀ ṣì ń gbóná, búrẹ́dì rẹ̀ ṣì ń ta sánsán dé inú wọ́ọ̀dù yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, fọ́tò orí pátákó tí ọkọ̀ fi ń dá ilé mọ̀, ti kú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọkọ̀ àdáwà tí kò ní awakọ̀ ń kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni pé igbó ló wà níbẹ̀. Bí o bá jókòó sínú ọ̀kan nínú wọn, tí o ní kó gbé ọ lọ sílé búrẹ́dì, á dá ọ lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà. O lè máa nàka sí i láti ojú fèrèsé, kò kàn án. Bàbá náà a máa jókòó síta pẹ̀lú búrẹ́dì lórí itan rẹ̀, á máa juwọ́ sí ọkọ̀, àfi bíi wèrè.

Mátírọ́ọ̀nù ti kọ́kọ́ dá fọ́tò ojú tuntun ṣe fúnra rẹ̀. Ó ní kí fóònù òun ya Ilé Ìgbẹ̀bí Ìtura fún òun, fóònù sì yà á: ilẹ̀ máàbù tí èèyàn lè fi wojú, àwọn nọ́ọ̀sì tí eyín wọn funfun ju ẹ̀wù wọn lọ, òdòdó lórí tábìlì. Pátákó kò jẹ́ kó fara balẹ̀ kó tó tu ú dànù, torí kò sí èdìdì ayàwòrán-ẹlẹ́rìí lára rẹ̀, àwọn tó ni pátákó sì tún dá ọjọ́ tó kù kí ojú àtijọ́ kú sí méjì, wọ́n gba ìdajì. Nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún Ìbídùnní, ohun tó sọ ni pé, "Àbí òdòdó yẹn ló pọ̀ jù ni?"

Ìbídùnní kò rẹ́rìn-ín sí i. Ayàwòrán-ẹlẹ́rìí ni òun, ẹni tí òfin ní kó fi àtàǹpàkò jẹ́rìí pé òótọ́ ni fọ́tò, ó sì mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá pe òun ló ti kọ́kọ́ bá fóònù rẹ̀ dìmọ̀ pọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń rìn káàkiri ilé ìgbẹ̀bí náà. Kò ní kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Kò ní kí wọ́n pa aṣọ dà. Ó ya nọ́ọ̀sì kan tó máa ń fẹnu fẹ́ irin tí wọ́n fi ń gbọ́ ọlẹ̀ nínú, kí òtútù rẹ̀ má baà mú aboyún. Ó ya ìkòkò omi gbígbóná tó ń rú èéfín níwájú fèrèsé. Ó ya ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó sán, tí wọ́n nù títí ó fi ń dán. Nígbà tó fi wọ́n han Mátírọ́ọ̀nù, obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Ibí yìí nìyí?"

"Ibí yìí ni, Mà."

"Háà! Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wọ ibí yìí lójoojúmọ́ o. Èmi ò rí i rí."

Ìbídùnní tẹ èdìdì sí gbogbo ìwọ̀nyẹn láìsí wàhálà. Èyí tó ṣẹ́kù ni olórí wọn, fọ́tò ojú gan-an, èyí tí pátákó máa gbé sókè. Òfin ní ẹni tí ilé iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ fún, tó sì wà lábẹ́ òrùlé wọn lọ́jọ́ náà, gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà lábẹ́ òrùlé Ìtura lọ́jọ́ náà, ìyẹn Mosúnmọ́lá.

Ìbídùnní ti fẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Mosúnmọ́lá sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ ti ya Táíwò. Ẹ dúró kí n gbé e sí apá kejì, kí ẹ ya Kẹ́hìndé."

Ìbídùnní wo ibùsùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ òyìnbó aláwọ̀ ewé ni wọ́n ká sórí rẹ̀. Ní àárọ̀, nígbà tó béèrè ìbejì kejì, Mátírọ́ọ̀nù ti sọ fún un pé Kẹ́hìndé rìnrìn àjò, kò sì wojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ ibí ni Ìbídùnní, ó mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Kò tún béèrè mọ́.

Mosúnmọ́lá mú fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí, ó nà án sí i. Fọ́tò àtijọ́ kan ló wà lójú rẹ̀, aláwọ̀ eérú, ọmọdébìnrin méjì lórí bẹ́ǹṣì kan, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. Bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, á rí ìlà tín-ín-rín kan tó la àárín wọn kọjá láti òkè délẹ̀.

"Ìyá tó bí màmá mi nìyẹn," ni Mosúnmọ́lá wí. "Àwọn méjèèjì, òun náà ni. Èkejì rẹ̀ ti rìnrìn àjò nígbà yẹn. Fọ́tò yìí ló wà lára ògiri wa títí tí mo fi délé ọkọ. Kò sẹ́ni tó ní ìyá wa dá wáyé."

Ìbídùnní mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Bàbá rẹ̀ àgbà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Lánlátẹ̀ láyé tí wọ́n ṣì ń lo fíìmù. Páálí dúdú ni bàbá náà fi ń bo ìdajì ojú kámẹ́rà, á ya ọmọ lápá ọ̀tún, á sún un sápá òsì, á yà á lẹ́ẹ̀kejì sórí fíìmù kan náà. Àwọn ìyá a máa kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láyé yẹn, kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́.

"Mo lè yà á fún yín, Ìyá Ìbejì," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo máa yà á kó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ti inú ilé yín nìyẹn o. N ò lè tẹ èdìdì sí i."

"Kí wá ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ohùn Mosúnmọ́lá ga lójijì. "Fọ́tò tí kò ní èdìdì! Ọmọdé pàápàá á wò ó, á ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Bí Táíwò bá dàgbà, ṣé kó wá máa bi mí bóyá mo kàn ní kí fóònù fún òun ní èkejì ni? Àǹtí, ọmọ yẹn wáyé. Ó mu ọmú mi. A ò ya fọ́tò rẹ̀ kankan, a ní kí wọ́n kọ́kọ́ lágbára ná. Ẹ bá mi fi èdìdì sí i. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Mátírọ́ọ̀nù fa Ìbídùnní lápá, wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọmọ mi, ya ohun tó fẹ́ fún un."

"Mà, ẹ mọ̀ pé kámẹ́rà máa bi mí pé èèyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ta ló máa wá kà wọ́n? Àwọn ọmọ yẹn jọra débi pé ìyá wọn gan-an, òwú ló so mọ́ ọrùn ọwọ́ Táíwò kó tó ń dá wọn mọ̀. Ní Ìgbò-Ọrà yìí, Ìbídùnní, nílùú ìbejì, kí ilé ìgbẹ̀bí wá gbé ọmọ kan ṣoṣo sójú? Ẹlẹ́yà la fẹ́ fi ara wa ṣe."

"Àwọn tó ni pátákó wá ka adìẹ ẹnì kan ní ọ̀nà Èrúwà, Mà. Adìẹ o! Wọ́n sì rí i pé ẹni tó yà á fi díẹ̀ kún un. Wọ́n pa èdìdì rẹ̀ rẹ́ kúrò lára àtàǹpàkò, gbogbo fọ́tò tó ti tẹ èdìdì sí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ṣú pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ilé elégbòogi wà níbẹ̀. Wọn ò ṣẹ̀, wọn ò rò, wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan wọn ò lójú mọ́ ni. Bí èmi bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo fi àwọn adití Ìdèrè tí mo ya fọ́tò fún sínú òkùnkùn nìyẹn. Mo fi àwọn aláṣọ òfì Ìsẹ́yìn síbẹ̀."

Ìbídùnní mí kanlẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi, Mà. Kí ló mú Kẹ́hìndé lọ?"

Obìnrin náà kọ́kọ́ yíjú sí ògiri. Nígbà tó máa fi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá.

"Mímí ló ṣòro fún un. A fa ọ́síjìn sí i nímú, ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò. Ọ́síjìn wá tán. Mo ti ránṣẹ́ pe òmíràn o, kí o má rò pé mo jókòó lásán. Ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ dé ìlú yìí. Ó dé títì yìí gan-an. Pátákó ṣú ní tiẹ̀, ọkọ̀ ò rí wa. Mo dúró ní géètì, ó kọjá níwájú mi, ó lọ yí padà, ó tún kọjá. Mo sáré tẹ̀lé e dé oríta, bàtà mi kan já sọ́nà. Mo ń fọwọ́ gbá a lára bó ṣe ń lọ. Ó ń sọ fún mi pé kí n jọ̀wọ́ kúrò lójú ọ̀nà."

"Háà, Mà."

"Fọ́tò tí a ò ní ló fà á. Ṣé o ti wá rí i pé kì í ṣe fáàrí ni mo pè ọ́ sí? Àwọn aboyún ń bí sójú ọ̀nà Ìbàdàn báyìí, torí ọkọ̀ ń gbé wọn gba iwájú ibí kọjá lọ síbi tí fọ́tò ti dáa."

"Ọ́síjìn wà níbí báyìí?"

"Kò tíì sí. Ojú tuntun ló máa mú un wọlé."

Ìbídùnní padà sínú wọ́ọ̀dù. Àánú ń ṣe é, inú sì ń bí i, kò tiẹ̀ mọ ẹni tí inú rẹ̀ ń bí sí. Mosúnmọ́lá ti nu ojú, ó ti tún gèlè rẹ̀ wé, ó ti dúró dè é. Irú ìwò tó wò ó yẹn, ọ̀tá nìkan ló lè kọ̀ fún un. Ìbídùnní fa aṣọ dúdú yọ nínú àpò, ó fi bo ìdajì ojú kámẹ́rà.

"Ẹ jókòó gbagidi, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kó wà lápá ọ̀tún." Kámẹ́rà dún. "Ẹ wá sún un sí apá òsì. Ara yín ò gbọdọ̀ yẹ̀." Ó sún aṣọ dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kámẹ́rà tún dún.

Fọ́tò náà jáde lójú kámẹ́rà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rọ́ jọ síbẹ̀. Yéè, ó dára! Ìbídùnní kò ya irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ dà sí gèlè ìyá, ó dà sí orí ọmọ méjì, ìyá gbé wọn mọ́ra lọ́tùn-ún lósì, ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ojú ẹni tí kò pàdánù nǹkan kan. Aboyún tó bá rí i lórí pátákó yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mosúnmọ́lá fi ìka kan ọmọ apá òsì.

"Kẹ́hìndé rèé," ni ó wí. "Ẹ wò ó, òun nìyí."

Nígbà náà ni kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ létí, ṣùgbọ́n ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó kọ́ ọ lókè òkun.

"Jọ̀wọ́, sọ iye ènìyàn tí ó wà nínú àwòrán yìí. Jẹ́ kí ẹni tí a yà gbọ́. Lẹ́yìn náà, tẹ èdìdì rẹ."

Mẹ́ta. Kó sáà sọ mẹ́ta, kó fi àtàǹpàkò lé e, ó ti tán. Ìyá á láyọ̀, Mátírọ́ọ̀nù á jó, ọkọ̀ ọ́síjìn á wọlé. Ó gbé àtàǹpàkò sókè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, tó lóyún ìbejì, tó máa wo pátákó yìí lọ́la, tó máa ní, "Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe là á já níbí," tó sì máa wọlé. Bí mímí bá ṣòro fún ọmọ tirẹ̀ kí sílíńdà ọ́síjìn tó dé ńkọ́? Èdìdì òun ló máa gbé e wá. Òun ló ní kó wá.

Ó tẹ ibi ìparẹ́. Fọ́tò náà lọ.

"Kí lẹ ṣe yẹn?" ni Mosúnmọ́lá bi í. "Àǹtí, kí lẹ ṣe?"

"Mo pa á rẹ́. Ẹ má bínú. N ò lè ṣe é."

Mátírọ́ọ̀nù káwọ́ lérí. "Ìbídùnní! Ojú ọ̀nà wo lo fẹ́ kí a gbà?"

"A máa yà á bó ṣe wà, Mà. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé a ò tan òun jẹ. Ìyẹn náà ní ẹni tó máa fà." Ó yíjú sí Mosúnmọ́lá, ó tún kúnlẹ̀. "Bí ẹ ò bá fẹ́, mo máa kó irinṣẹ́ mi, mo máa lọ. Òfin gbà yín láàyè. Ẹ sọ ọ́."

Mosúnmọ́lá wo Mátírọ́ọ̀nù tó gbẹ̀bí rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wú láti ọjọ́ tó fi sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Ó wo ìta, níbi tí oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Táíwò ti ń wá ọmú, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Apá rẹ̀ kejì wà ní kíká sórí itan, bí ìgbà tí èèyàn gbé nǹkan dání.

"Ẹ yà á," ló wí níkẹyìn. "Nítorí Mátírọ́ọ̀nù. Ẹ ya ohun tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má kà wá, Àǹtí. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má kà wá létí mi."

Ìbídùnní yà á, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyá, ọmọ lẹ́nu ọmú, apá òsì tó ká sí òfìfo, bẹ́ẹ̀ ìyá ò wo kámẹ́rà, apá yẹn ló ń wò. Mátírọ́ọ̀nù rí i, omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò tún bá ẹnikẹ́ni jà mọ́.

"Jọ̀wọ́, sọ iye ènìyàn tí ó wà nínú àwòrán yìí. Jẹ́ kí ẹni tí a yà gbọ́."

Ìbídùnní tẹ orí ba, ó gbé ẹnu sún mọ́ kámẹ́rà, ó sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"N kò gbọ́," ni kámẹ́rà wí. "Jọ̀wọ́, sọ ọ́ sókè."

Níta, pátákó ṣú. Wọ́n dúró kó tàn, kò tàn. Mátírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà sábẹ́ eyín. Ìbídùnní wá gbójú sókè, ó wo ojú Mosúnmọ́lá, torí ó rò pé ìwà ojo ni kí òun máa wo ilẹ̀ sọ ọ́.

"Méjì."

Ó fi àtàǹpàkò lé e. Kámẹ́rà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pátákó tàn yòò lẹ́nu géètì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé orí àjà wọ́ọ̀dù. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ kan fi dẹwọ́ eré lójú títì, tó yà wọlé, Mátírọ́ọ̀nù sì pariwo, "Wọ́n rí wa! Ìbídùnní, wọ́n rí wa o!" Ó ti sáré jáde kó tó parí ọ̀rọ̀. Ìbídùnní gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń rọbí láti inú ọkọ̀ náà, ó gbọ́ nọ́ọ̀sì tó ń sọ fún un pé kó rọra, ó ti délé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irinṣẹ́ rẹ̀. Ìdérí kámẹ́rà kò wọlé síbi tó yẹ.

Mosúnmọ́lá ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Kò sunkún. Ó rọra tẹ́ Táíwò sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá gbójú sókè.

"Láti ìjẹta," ló wí, "Mátírọ́ọ̀nù sọ fún mi pé ó rìnrìn àjò. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ohun tí èmi náà sọ fún un nìyẹn. Ọmọ mi wà lójú ọ̀nà títí di ìsinsìnyí. O ní méjì. Ìwọ lo pa á."

Táíwò ta jí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àwọn méjèèjì sì dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ.